Bí Ọ̀gá Ṣe Tún Ń Mí Fúnra Wọn

Ọjọ́ kejì tí mo dé Toronto ni mo kọ́kọ́ fojú rí èémí ara mi. Oṣù kìíní ni, òtútù náà sì kọjá gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi nílé. Mo jáde láti yàrá abẹ́ ilé tí mo gbà ní Rexdale, mo dúró ní ibùdókọ̀, mo mí síta, èéfín funfun sì jáde lẹ́nu mi bí ẹni tó ń mu sìgá. Mo mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún jáde. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, sósì, sókè, títí ẹ̀rín fi gbé mi. Ìyá àgbà kan tí àwa méjèèjì jọ ń retí bọ́ọ̀sì rọra sún sẹ́yìn, ó sì gbójú sí ibòmíràn.

Kò mọ̀ pé orí èémí ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ físíò ní ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn. Àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa ni wọ́n máa ń kó fún mi: mo ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe jókòó, bí wọ́n á ṣe wúkọ́, bí wọ́n á ṣe fa afẹ́fẹ́ símú. Nígbà tí mo dé Canada, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò tiwọn kí n tó lè máa pe ara mi ní físíò. Títí dìgbà náà, olùrànlọ́wọ́ ni mí ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tún àwọn aláìsàn kọ́ bí wọ́n á ṣe máa gbé ayé wọn lọ. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, mo ń to ìrọ̀rí, mo ń nu irin bẹ́ẹ̀dì. Tí àwọn físíò bá ń jíròrò, èmi a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo ìdáhùn a kún ẹnu mi, màá sì gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ni mi ò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá ní shift, mo lè wà títí di ìrọ̀lẹ́ láìgbọ́ ohùn ara mi. Lọ́jọ́ kan, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń kí ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé wa pé ẹ kú iṣẹ́. Ó mú mi rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni mo wá rí i pé omi ti wà lójú mi.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo pe Màmá mi n'Ísẹ́yìn, òsúkè sì ti mú wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ló ń já sí méjì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń jẹun, òsúkè gba "jẹun" mọ́ wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkè ikùn wọn, níbi tí egungun ìhà parí sí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹran pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, tó tẹ́ sáàárín àyà àti ikùn bí ìdérí ìkòkò. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé. Tó bá padà sókè, afẹ́fẹ́ á jáde. Ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ní ọrùn, àwọn ló sì ń fi iṣẹ́ náà gba inú fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn kọjá títí ó fi dé orí ẹran yẹn. Tí iṣẹ́ náà bá já lù ú lójijì láìjẹ́ pé a fẹ́ mí, òsúkè nìyẹn.

Màmá mi rò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n béèrè pé kí ló gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ sí ọrùn nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àyà ni iṣẹ́ wọn wà. Mo ní ọrùn ni ẹran náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà nínú oyún. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀ ni ó ṣí lọ sísàlẹ̀, tí fọ́nrán rẹ̀ sì ń gùn tẹ̀ lé e.

Màmá mi ní, "Ó ṣí kúrò nílé, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù."

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni òsúkè ti fi wọ́n sílẹ̀.

Ìparí oṣù kejì ni mo bá Ọ̀gá pàdé. Orúkọ Yorùbá tí mo rí lára ilẹ̀kùn yàrá wọn ló mú kí n wọlé lọ kí wọn, nítorí kò sẹ́ni tó rán mi. Mo bá bàbá kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n láti èjìká sísàlẹ̀, kò sí ohun tó ń mira. Rọ́bà kan wọ ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ọ̀fun wọn, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni rárá.

Ọmọ wọn obìnrin, Auntie Fọlákẹ́, ló sọ ìyókù fún mi. Hẹdimásítà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá náà fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó wá bá a ní Weston, àdúgbò kan ní Toronto níbí, gbogbo ènìyàn ló sì ń pè wọ́n ní Ọ̀gá, títí kan àwọn ọmọ inú wọn. Nínú oṣù Kejìlá, yìnyín gbé wọn ṣubú níwájú ilé, ẹ̀yìn orí wọn sì gba àtẹ̀gùn. Eegun ọrùn kẹrin tẹ mùdùnmúdùn tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ó tẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìpele kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ọrùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ fún Màmá mi ń gbé. Ẹni tó bá fara pa nísàlẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbéra mọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè kú, ṣùgbọ́n yóò máa mí. Ẹni tó bá fara pa lókè wọn, ọpọlọ lè máa ké pé mí, mí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Ti Ọ̀gá bọ́ sí àárín wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kú níbẹ̀, àwọn kan wú lásán, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tó kù. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi hàn ni kí wọ́n máa yọ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wo bóyá Ọ̀gá yóò mí.

Àtọjọ́ náà ni mo ti máa ń yà kí wọn kí n tó wọṣẹ́. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ò ti gba ọ̀nà ohùn wọn kọjá mọ́, ètè lásán ni wọ́n ń mì. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbìyànjú láti kà á. Yorùbá ni wọ́n ń bá èmi sọ, Yorùbá tí kò sì ní ohùn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni? Ọjọ́ kẹta, ètè wọn ní "ọwọ." Mo ronú pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń sọ, pé ẹnì kan ti rí wọn fín. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀gá kàn ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo dìde ni mo rí i pé ọwọ́ wọn òsì ti já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń jù dirodiro. Mo gbé e padà sórí ìrọ̀rí. Ẹ̀rín mú mi, mo gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe, mo sì rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá náà ń gbọ̀n. A jọ rẹ́rìn-ín náà, èmi pẹ̀lú ariwo, àwọn láìsí.

Marisol ni ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ èémí ní ọ̀dọ̀ wa. Ará Philippines ni, ó ti lo ogún ọdún nílùú yìí, sùúrù rẹ̀ kò sì lópin. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ó ti yọ ẹ̀rọ náà fún Ọ̀gá lójú mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú wọn sì yí padà kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ṣe é. Marisol fẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja kó tó yọ ọ́, Ọ̀gá kọ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀dì náà kalẹ̀ ni Ọ̀gá á máa ṣẹ́jú rárá, rárá, títí wọ́n á fi gbé e sókè padà. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba Ọ̀gá.

Mo mọ ìdí tí Marisol fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìwọ tí ara wa dá, ó rọrùn fún wa láti mí lórí ìjókòó. Ẹni tí ẹran ikùn rẹ̀ ti kú kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jókòó, gbogbo ìfun rẹ̀ á wó sísàlẹ̀, ẹran pẹlẹbẹ yẹn náà á wó tẹ̀ lé e, kò sì ní ríbi sọ̀ kalẹ̀ sí mọ́. Tó bá dùbúlẹ̀, ìfun á tì í padà sókè, á wá ní àyè láti fà. Bí okun inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn bá ṣẹ́ kù díẹ̀, orí ìdùbúlẹ̀ ni a ti lè rí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n sọ fún Auntie Fọlákẹ́ pé ìpàdé yóò wáyé láìpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bí wọn ò bá lè mí fúnra wọn rárá, ilé ìtọ́jú kan tó tó wákàtí mẹ́ta sí Toronto ni wọ́n á gbé wọn lọ, níbi tí àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí tọ̀sántòru ń gbé. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, àpò rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ fún mi pé bàbá òun ò lè dá gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n, àti pé ta ni yóò máa kí wọn láàárọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ìdùbúlẹ̀ yẹn fún mi. Ètè wọn mì. "Ọwọ." Mo wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wà lórí ìrọ̀rí. Mo wo ọwọ́ òsì, òun náà wà níbẹ̀. Mo tún wo ojú wọn, ó sì yé mi.

"Ọ̀wọ̀ ni, sà?"

Wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Mo rántí bí ó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ Ọ̀gá sílẹ̀. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa ń wọlé, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n á sì máa wo hẹdimásítà tí wọ́n tẹ́ gbalaja bí òkú, láìsí aṣọ lókè, láìsí awò lójú. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ojú ló ń tì wọ́n.

Mo lọ bá Marisol, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ni mí, kì í ṣe ipò mi láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ èémí ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi dópin, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe nílé. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó tún wo aṣọ tí mo fi ń nu irin bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n wá bá òun nínú yàrá Ọ̀gá ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì.

Àwa méjì péré la wọlé. Auntie Fọlákẹ́ ti mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wá láti ilé, mo wọ̀ ọ́ fún wọn, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ dé àyà níbi tí kò ti ní dí ihò ọ̀fun lọ́wọ́. Mo fi awò wọn sí wọn lójú. Marisol ti ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì jókòó sórí àga kúkurú, tó fi jẹ́ pé Ọ̀gá ló ga jù wá lọ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, a ti ṣe tán tí ẹ bá ti ṣe tán." Wọ́n wo òrùlé. Wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Marisol yọ ọ́.

Ẹ̀rọ tó ti ń hu fún oṣù mẹ́ta panu mọ́. Mo tẹjú mọ́ ikùn Ọ̀gá. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbéra. Ó kéré gan-an, bí ìgbà tí ọmọ ológbò bá ń sùn. Ó sọ̀, ó tún gbéra. Mo ka ìṣẹ́jú kan, mo ka méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n lò. Nígbà tí Marisol so wọ́n padà, mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí ọmọdé, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin: ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Èmi ni.

Ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹrin, ogún. Dókítà wá gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara lé ìhà wọn, ó sì yí gíláàsì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa kí gbogbo wa lè rí i. Ìlà funfun kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń lọ sísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ń ṣe dáadáa. Apá òsì ń wọ́ tẹ̀ lé e bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi torí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni dókítà béèrè bí a ṣe lè tún gbé wọn jókòó. Kí n tó ronú, mo ti sọ pé kí a di ikùn wọn. Mo ní níbi tí mo ti wá, tí obìnrin bá bímọ tán, a máa ń fi ọ̀já di ikùn rẹ̀, àti pé fún Ọ̀gá, bí a bá dì í pinpin, ọ̀já yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹran ikùn kò lè ṣe mọ́: yóò ti ìfun sókè, ẹran pẹlẹbẹ náà yóò sì ríbi sọ̀ kalẹ̀ sí. Dókítà náà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó sì bi mí léèrè ibi tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí sí.

Mo dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹnì kan bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì lọ sílé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń rẹ́rìn-ín sí yìnyín òpópónà Finch. Mo ń rò ó pé fún oṣù díẹ̀, gbogbo ohun tí mo kọ́ wà lórí mi digbí, ọ̀nà tí yóò gbà dé ọwọ́ mi ni kò ṣí. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ó ti kú ni. Ó wú lásán ni.

Nígbà tí ìpàdé náà fi máa wáyé, Ọ̀gá ti ń mí fúnra wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà oorun nìkan ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn pinnu pé àwọn á kọ́ Auntie Fọlákẹ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kí bàbá rẹ̀ lè padà sí Weston.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Marisol mú ìdérí kékeré kan wá, tí kò ju bọ́tìnnì lọ. Tí wọ́n bá fi í dé ihò ọ̀fun, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ibẹ̀ gbà jáde. Ó di dandan kó gba ọ̀nà ohùn, kó gba ẹnu. Auntie Fọlákẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tèmi, ọmọ ọdún méje, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ọ̀já wọn wà ní ikùn, awò wọn wà lójú.

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde dà bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọn ò ṣí i. Wọ́n mí sínú, wọ́n tún gbìyànjú.

"Fọlákẹ́."

Auntie Fọlákẹ́ di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n tún mí.

"Tèmi."

"Yes, Grandpa," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì jáde síta láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ojú sí mi. Mo ti múra láti gbọ́ ẹ ṣé, mo sì ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu.

"Ìwọ," ni Ọ̀gá wí. Wọ́n mí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ibi gbogbo nílùú yìí ni wọ́n ti máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Ní ilé ìfowópamọ́, nínú bọ́ọ̀sì, ní ibi iṣẹ́. Mo máa ń dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, wọ́n á mi orí, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo kúnlẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ ìyá mi, mo dárúkọ agbo ilé wa n'Ísẹ́yìn.

Ọ̀gá ń gbọ́ pẹ̀lú ojú hẹdimásítà. Wọ́n mí. "Bàbá rẹ," wọ́n mí, "iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Mo ní tísà ni wọ́n kí wọ́n tó kú.

"Ilé ìwé wo?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Marisol wo aago, ó sọ jẹ́jẹ́ pé ó tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kí Ọ̀gá sinmi. Wọ́n mi orí pé rárá. Mo rí ẹran pẹlẹbẹ náà tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀já, ikùn wọn gbéra díẹ̀, afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n sì tún béèrè òmíràn.